Ọwọ́ Tó Ń Wọn Aṣọ: Ìrántí Màmá H.I.D. Awólọ́wọ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níwájú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ọlọ́jà kan nìyí. Mo yọ díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, mo sì tún ibi tí ahọ́n mi ti kọsẹ̀ ṣe.

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ kú ìjókòó o. Mo júbà ẹ̀yin tí ẹ ti ń ná ọjà kí n tó mọ owó kà. N kò ní pẹ́ púpọ̀, nítorí mo mọ̀ pé ọmọ iṣẹ́ ni ẹ̀yin mìíràn fi sí ìsọ̀, ọkàn yín sì wà lọ́hùn-ún.

Nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa Màmá Hannah Ìdòwú Dídéolú Awólọ́wọ̀, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni ìwé ètò ìsìnkú. Ẹ mọ̀ ọ́n, ìwé dídán tí wọ́n ń pín lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní òkìtì rẹ̀ nílé, n kì í lè sọ ọ́ nù, ó ń ṣe mí bí ẹni pé mo sọ olóògbé náà nù. Lọ́jọ́ kan mo mú márùn-ún nínú rẹ̀, mo fi ọwọ́ bo àwòrán, mo wá ń ka ohun tí àwọn ọmọ kọ síbẹ̀. "Ìyá wa jẹ́ aláàánú. Ìyá wa fẹ́ràn gbogbo ènìyàn. Wọn kì í jẹ́ kí àlejò lọ lọ́wọ́ òfo." Mo ka márààrún tán, n kò mọ èwo ni ti ta. Bẹ́ẹ̀ mo mọ àwọn ìyá náà o. Ọ̀kan ta ẹja títí ó fi darúgbó, ọ̀kan ṣe tíṣà, ọ̀kan jẹ́ agbẹ̀bí tó gbẹ̀bí ìdajì àdúgbò wa. Nínú ìwé, gbogbo wọn ti di ìyá rere kan ṣoṣo tí kò ní ojú.

Ó máa ń bí mi nínú. Ènìyàn á lo àádọ́rùn-ún ọdún lókè eèpẹ̀, á jẹ gbèsè, á san gbèsè, á bá aládùúgbò jà, á parí rẹ̀, á bímọ, á sìnkú, a ó wá fi gbólóhùn mẹ́ta tí a yá lọ́wọ́ olókùú míì sin ín.

Màmá Awólọ́wọ̀ náà kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Tí a bá dárúkọ wọn, ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ ni pé ọkọ wọn pè wọ́n ní ohun iyebíye tí a kò lè díye lé. Òótọ́ ni. Olóyè Awólọ́wọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń tún un sọ títí ọjọ́ fi lọ. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, ta ni mo jẹ́ tí n ó ní kí a má sọ ọ́? Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń tajà mọ̀ pé wúrà kì í jí láàárọ̀ lọ ṣí ìsọ̀. Wúrà kì í jókòó ṣírò èrè lálẹ́. Ọwọ́ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Ọwọ́ Màmá. Mo gbà pé inú òwò ni ìwà ọ̀làwọ́ wọn ti jáde, àti pé ẹni tó bá ń yin ọrẹ wọn láì mẹ́nu ba òwò wọn ti yin ìdajì ènìyàn.

Ọjọ́ 25 oṣù November 1915 ni wọ́n bí wọn ní Ìkẹ́nnẹ́, ní ilẹ̀ Rẹ́mọ. Kò tíì pé ọdún méjì nígbà náà tí Gẹ̀ẹ́sì so Àríwá àti Gúúsù pọ̀ tí wọ́n pè é ní Nàìjíríà. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa: Ìdòwú. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá ti mọ̀ pé ìbejì ló ṣáájú ẹni tó ń jẹ́ ẹ wá sílé ayé. A kì í bi ìyá Ìdòwú léèrè bóyá ọwọ́ rẹ̀ ti dí rí. Wọ́n rán Màmá lọ sí Methodist Girls' High School ní Èkó, láyé tí ọ̀pọ̀ ilé ṣì ń béèrè ohun tí ọmọbìnrin fẹ́ fi ìwé ṣe. Nígbà tó di ọjọ́ 26 oṣù December 1937, ọjọ́ kejì Kérésìmesì, wọ́n fẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ bíi tiwọn, tó fi bí ọdún mẹ́fà jù wọ́n lọ. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n bí: Olúṣẹ́gun, Ọmọ́tọ́lá, Olúwọlé, Ayọ̀délé àti Tòkunbọ̀.

Tòkunbọ̀ yẹn ti jẹ́ ká mọ̀ pé òkun wà nínú ìtàn ilé náà. Ní 1944, Bàbá wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí London láti kọ́ṣẹ́ òfin. Ogun àgbáyé kejì kò tíì parí. Ọdún 1946 ni wọ́n tó di agbẹjọ́rò. Ẹ̀yin tí ọkọ yín ti rìnrìn àjò rí, ẹ bá mi ṣe ìṣirò yẹn. Ọdún méjì ó lé, àwọn ọmọ ṣì kéré, lẹ́tà sì ń gba orí omi wá, ó ń pẹ́ lọ́nà. Tí a bá ń sọ ìtàn yìí lórí rédíò, ìlú London ni a máa ń bá Bàbá lọ, a ó sọ ti ìwé tí wọ́n kà àti ti òṣèlú tí wọ́n ń dá sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Ilé tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ńkọ́? Ta ló ń ra ọṣẹ? Màmá ń tajà. Gbólóhùn kan yìí ni wọ́n sábà máa ń fò nínú ìtàn náà, òun sì ni ilé náà dúró lé.

Aṣọ ni wọ́n tà jù. Lẹ́yìn náà, wọ́n ń kó léèsì wọlé láti òkè òkun. Nígbà tó sì di 1957, wọ́n di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí Nigerian Breweries gbà gẹ́gẹ́ bí alágbàtà tí ń kó ọjà wọn pín. Ẹ̀yin ará ìjọ tí ẹ ń wò mí yẹn, bẹ́ẹ̀ ni, bíà ni mo wí. Prẹ́míà, olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà, ni ọkọ wọn lákòókò náà. Ìyàwó Prẹ́míà ì bá jókòó sílé kí wọ́n máa bá a gbé báàgì kiri. Ṣùgbọ́n Màmá ń ka àpótí, wọ́n ń ka òfìfo ìgò, wọ́n ń ṣírò ẹni tí kò tíì san.

Ẹ jẹ́ kí n ya bàrà díẹ̀, kí n lè sọ ohun tí mo fi ojú mi rí nípa òwò aṣọ, nítorí ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ohun tí mo ń wí yìí. Ìyá tó bí ìyá mi ta aṣọ. Ìsọ̀ wọn kò ju ibi tí ènìyàn mẹ́ta lè dúró sí lọ. Ọ̀pá ìwọnṣọ wọn jẹ́ igi dúdú, wọ́n fi irin dé e ní orí méjèèjì, irin náà sì ti fẹ́ yọ dànù nítorí pé ó ti pẹ́. Tí oníbàárà bá ní òun fẹ́ ọ̀pá mẹ́fà, wọ́n á na aṣọ lé ọ̀pá, wọ́n á fi àtàǹpàkò tẹ ibi tí ọ̀pá parí sí, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀pá kejì láti òdìkejì àtàǹpàkò. Àtàǹpàkò kan lórí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ra ọ̀pá mẹ́fà gbé àtàǹpàkò mẹ́fà lé e lọ sílé. Èènì tiwọn nìyẹn. Wọn kì í sọ ọ́ fún oníbàárà. Mo bi wọ́n nígbà kan pé kí ló dé tí wọn kì í sọ ọ́, wọ́n ní, "Télọ̀ á sọ fún un."

Èmi ni mo ń kọ ìwé àwìn fún wọn, nítorí pé wọn kò mọ̀ ọ́n kọ. Ìwé ẹ̀kọ́ ìṣirò mi tí n kò lò tán ni. Wọ́n á máa pè, èmi á máa kọ: Ìyá elépo ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, ọ̀pá mẹ́rin. Ìyàwó tuntun pupa ilé onílẹ̀kùn búlúù, ọ̀pá méjì ààbọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan wọ́n ní kí n fa ìlà sí orúkọ Ìyá elépo. Mo ní, "Màmá, ṣé wọ́n ti san ni?" Wọ́n ní, "Mo ní kí o fa ìlà sí i." Mo fà á. Ọ̀sẹ̀ kejì, orúkọ míì. Nígbà tí mo dàgbà tí mo tún ìwé yẹn ṣí, mo rí i pé ìlà méjì ló wà nínú rẹ̀. Àwọn tó san, ìlà tààrà ni mo fà sí wọn. Àwọn tí kò san, mo ti ń fa ìlà wọn wọ́gọwọ̀gọ láìmọ̀, bóyá nítorí pé inú mi kò dùn sí i. Mo kà wọ́n. N kò ní sọ iye wọn, ìyá àgbà á bá mi wí lọ́run.

Kí ni mo rí kọ́ níbẹ̀? Ọlọ́jà mọ iye tí ohun tó fi tọrẹ jẹ́. Ẹni tí wọ́n bá ń kó owó fún, tí òun náà ń ha á kiri, ọwọ́ rẹ̀ là, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ iye tó ra ìdì aṣọ, tó mọ owó ọkọ̀ tó gbé e wá, tó mọ iye èrè tó kù sí i lọ́wọ́, tó wá ní kí a fa ìlà sí orúkọ ẹni tí kò san, ìyẹn mọ ohun tó ń ṣe. Ó ti wọn ọrẹ rẹ̀ kó tó ta á lọ́rẹ. Ọwọ́ tó bá ti kọ́ ìwọ̀n, òun ló ń mọ ibi tí òun ti kọjá ìwọ̀n.

Màmá Awólọ́wọ̀ nìkan kọ́ ló rìn ọ̀nà yìí. Tí a bá to àwọn ìyá ńlá ilẹ̀ wa jọ, ìsọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Alhaja Àbíbátù Mọ́gàjí, Ìyálọ́jà Èkó, tí wọ́n bí ní 1916, tí wọ́n sì wà láyé títí di 2013, ẹgbẹ́ Màmá nínú ọjọ́ orí àti nínú òwò ni. Ẹ̀fúnróyè Tinúubú náà ńkọ́? Wọ́n fi ohun ìjà àti ẹ̀tù ran Ẹ̀gbá lọ́wọ́ nígbà tí Dahomey gbógun wá, wọ́n sì fi wọ́n jẹ Ìyálóde ní 1864. Àmọ́ n kò ní parọ́ fún yín: òwò ẹrú wà nínú ọrọ̀ Tinúubú. Ẹni tó bá ní ká máa wo ibi tí ọrẹ ti wá, kò gbọdọ̀ dijú nígbà tí ohun tó rí níbẹ̀ kò bá dùn. Ìdí mìíràn nìyẹn tí mo fi ní kí a máa béèrè òwò àwọn ìyá wa. Àwọn mìíràn, ẹ̀rù ìdáhùn ló ń jẹ́ kí ọmọ wọn má béèrè.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí ilé Awólọ́wọ̀, ká lọ sí ibi tó le.

Ní 1962, wàhálà òṣèlú bẹ́ sílẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn. Wọ́n mú Bàbá, wọ́n fẹ̀sùn kàn wọ́n pé wọ́n fẹ́ dojú ìjọba dé. Ẹjọ́ náà bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù November ọdún yẹn, ó sì gùn wọ ọdún kejì. Nínú oṣù July 1963, bí ẹjọ́ ti ń lọ lọ́wọ́, Olúṣẹ́gun, àkọ́bí wọn, agbẹjọ́rò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé, kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Ọmọ ọdún 24 ni. Ní ọjọ́ 11 oṣù September, ilé ẹjọ́ dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá fún bàbá rẹ̀.

July. September. Ẹ fi oṣù méjì yẹn sọ́kàn. Obìnrin ẹni ọdún 47 ni Màmá. Wọ́n sin àkọ́bí, wọ́n tún rí i tí wọ́n ń mú ọkọ lọ sí ẹ̀wọ̀n. A ní òwe kan tí a máa ń pa: ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà níbi àríyá, tí wọ́n ń pa á pẹ̀lú ẹ̀rín. Lọ́dún yẹn ní Ìkẹ́nnẹ́, ta ló jẹ́ pa á?

Ẹ̀wọ̀n Calabar ni wọ́n padà gbé Bàbá lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí Ìlà Oòrùn ra ọjà mọ ọ̀nà náà lónìí, ẹ sì ń ráhùn sí i. Láyé ìgbà tí mò ń wí, kò tíì sí afárá lórí Odò Ọya ní Onitsha. Ìparí 1965 ni afárá yẹn tó parí. Ẹni tó bá fẹ́ gba orí ilẹ̀ lọ wo ẹni tirẹ̀, mọ́tò rẹ̀ á tò ní Asaba, á dúró de ọkọ̀ ojú omi tí yóò gbé e kọjá, ọ̀nà á sì tún kù lọ jàra. Ẹ gbé ìyẹn lé orí òwò tí kò gbọ́dọ̀ dúró, àti ọmọ mẹ́rin tó kù, tí ojú ayé gbogbo wà lára wọn.

Wọn kò jókòó sunkún. Kí n tó sọ báyìí, mo mọ̀ pé wọ́n sunkún. Ìyá wo ni kò ní sunkún? Mo ń sọ pé wọ́n tún dìde. Ní 1964, nígbà tí Action Group, ẹgbẹ́ òṣèlú Bàbá, àti ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC para pọ̀ di UPGA, Màmá gun orí pèpéle, wọ́n lọ láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń polongo. Ètò tí wọ́n ṣe ni pé tí Màmá bá wọlé ìbò, wọ́n á yẹ̀ kúrò fún ọkọ wọn kí wọ́n lè tún ìbò ibẹ̀ dì. Ẹgbẹ́ wọn padà kọ ìbò December yẹn sílẹ̀ nítorí màgòmágó, ètò náà kò sì bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọgbọ́n yẹn bí ọlọ́jà. Ìyá kan jókòó ti ìsọ̀ ẹni tí kò sí nílé, ó ń ṣọ́ àyè fún un. Ṣé kò sí nínú yín ẹni tó ti ṣe é rí fún aládùúgbò tó wà ní ọsibítù?

Ìwé ìròyìn Tribune náà wà níbẹ̀, tí Bàbá dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 16 oṣù November 1949. Ìwé ìròyìn alátakò, ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí nígbà tí olówó rẹ̀ bá wà lẹ́wọ̀n. Kò kú. Títí dòní, òun ló pẹ́ jù láyé nínú àwọn ìwé ìròyìn aládàáni tó ṣì ń jáde ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn ikú Bàbá, Màmá ni alága ilé iṣẹ́ tó ń tẹ̀ ẹ́. Nínú oṣù August 1966 ni ìjọba ológun Gowon tú Bàbá sílẹ̀. Wọ́n bá ilé tó dúró.

Ẹ tún jẹ́ kí n fi nǹkan kan há a. Gbogbo wa ni a ń yin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí Awólọ́wọ̀ gbé kalẹ̀ ní January 1955, bàbá tèmi jẹ nínú rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni lójú ọmọ tó gbé síléètì lọ síléèwé. Àwọn tó ń san owó orí àti àwọn tó gbin kòkó mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹnìkan ti san án. Ohun kan náà ni mò ń sọ nípa ìyá.

Bàbá kú ní ọjọ́ 9 oṣù May 1987. Màmá lo ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn wọn. Ọ̀pọ̀ ìwé tí mo ti kà fò kọjá níbẹ̀, bí ẹni pé ìyàwó ń dúró de ìgbà tí yóò bá ọkọ rẹ̀ lọ ni. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n! Ọmọ á dàgbà, á bímọ láàárín rẹ̀. Ilé Ìkẹ́nnẹ́ kò dá páropáro. Olóṣèlú tó bá fẹ́ du ipò, Ìkẹ́nnẹ́ ló ń kọ́kọ́ yà, á dọ̀bálẹ̀ níwájú Màmá, á sì ní kí wọ́n ya òun ní fọ́tò níbi tí òun ti dọ̀bálẹ̀. Màmá ti rí alárìnjó púpọ̀ kí àwọn yẹn tó dé. Wọ́n fi wọ́n jẹ Yèyé Oòduà, oyè tó pè wọ́n ní ìyá ìran gbogbo.

Àmọ́ ikú kò fi ilé náà sílẹ̀. Ní 2011, Ayọ̀délé kú. Ní 2013, Olúwọlé kú, òun tó ń darí Tribune. Ìyá tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún tún jókòó gbàlejò abánikẹ́dùn. Ọmọ mẹ́ta nínú márùn-ún ni wọ́n sin. Òwe tí mo pa lẹ́ẹ̀kan, kò wí nǹkan kan nípa ẹni tó sin mẹ́ta tí méjì sì sin òun. Mo ti wá a títí, n kò rí òwe tó gba ìyẹn.

Ní ọjọ́ 29 oṣù May 2015, Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò di igbákejì ààrẹ. Ìyàwó rẹ̀, Dọlápọ̀, ọmọ Ayọ̀délé ni. Ayọ̀délé kò rí i, ìyá Ayọ̀délé rí i. Lẹ́yìn náà gbogbo ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ọgọ́rùn-ún ọdún. Ètò ayẹyẹ ti ń lọ. Ẹ mọ bí tiwa ṣe máa ń rí, wọ́n kò tíì kọ ìwé ìpè tán, àwọn ènìyàn ti ń béèrè aṣọ ẹbí. Ọjọ́ 19 oṣù September ni Màmá lọ. Ó ku ọjọ́ 67 kí ọgọ́rùn-ún ọdún pé. Wọn kò da ọjọ́ yẹn nù: ọjọ́ 25 oṣù November 2015, ọjọ́ tí wọn ì bá fi jó fún ọjọ́ ìbí wọn, ọjọ́ náà ni wọ́n sin wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ wọn ní Ìkẹ́nnẹ́.

Èmi tó ta aṣọ ẹbí pẹ̀lú ìyá àgbà mi nígbà èwe, mo mọ̀ pé aṣọ ayọ̀ àti aṣọ òkú, ọ̀pá kan náà ni a fi ń wọ̀n ọ́n.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ bá àwọn ìyá yín wá, mo rí yín lẹ́yìn níbẹ̀ tí ẹ ń tẹ fóònù. Ẹ dúró lórí fóònù yẹn, mo fẹ́ rán an níṣẹ́. Tí ẹ bá délé, ẹ tẹ ibi tó ń gba ohùn sílẹ̀, kí ẹ gbé e síwájú màmá yín tàbí màmá àgbà yín. Ẹ má bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ràn yín, wọ́n á ní àwọn fẹ́ràn yín, ó parí. Ẹ bi wọ́n léèrè owó. Níbo ni wọ́n ti rí owó tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀? Ta ló kọ́kọ́ tà wọ́n láwìn? Èsúsú wo ló fọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ta ló kó o jẹ? Ta ni wọ́n fa ìlà sí orúkọ rẹ̀? Ìyá tó bá ń rẹ̀ láti sọ̀rọ̀ á dìde jókòó tí ẹ bá bi í léèrè ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè ní ogójì ọdún sẹ́yìn. Á dárúkọ rẹ̀, á dárúkọ ìyá rẹ̀, á sọ àwọ̀ aṣọ náà.

Èmi pẹ́ kí n tó bi ìyá àgbà mi. Ìgbà tí mo béèrè owó ìdókòwò wọn, ojú wọn ti ṣú, wọ́n sì ń fi mí pe ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ni wọ́n tà. Mo ní ìlẹ̀kẹ̀ ta ni. Wọ́n ní, "Tèmi kọ́." Wọn kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sùn. Mo ṣì ń gbé ìyẹn kiri.

Ibẹ̀ ni mo dé lọ́jọ́ náà tí alága fi lu agogo pé àkókò ti lọ, kí àwọn tó bá ní ìbéèrè dìde. Ìyá kan dìde ní ìlà iwájú, àgbà tó ti ń tẹ̀ díẹ̀, wọ́n ní àwọn ti ta àǹkárá fún ọdún márùndínláàádọ́ta. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ mi dùn, àmọ́ ibì kan ha wọ́n lọ́rùn.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, àtàǹpàkò tí o ń sọ yẹn. Ìyá àgbà rẹ mọ̀ pé àwọn á fi kún un kí wọ́n tó pe iye aṣọ fún oníbàárà. Ó ti wà nínú iye tí wọ́n pè. Ta ló ń fún ènìyàn ní èènì láti inú àpò ara rẹ̀?"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n ṣàánú mi, mo ní ìlà wọ́gọwọ̀gọ inú ìwé àwìn ńkọ́, ṣé ìyẹn náà wà nínú iye tí wọ́n pè?

Ìyá náà ronú díẹ̀, wọ́n tún gèlè wọn ṣe. "Ìyẹn," wọ́n ní, "ìyẹn ò sí níbẹ̀." Wọ́n sì jókòó.